Télọ̀ Gba Ààwẹ̀ Irọ́

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kejì, 2025

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà ni mo ń kọ eléyìí sí. Bí mi ò bá kọ ọ́ síbì kan, orí mi á fọ́.

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí Louisa, tíṣà Bushrah ọmọ mi, yọ sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú tíṣà mìíràn. Aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀. Wọ́n gbé búrẹ́dì ńlá méjì dání. Àǹtí Louisa kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Ìyá, sà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire."

Mo ní bóyá wọ́n ṣi ilé ni. Kí n tó lanu, Ìyá mi fúnra wọn jáde láti inú ilé, wọ́n gbé àwo dòdò lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Tíṣà kejì ju búrẹ́dì sílẹ̀, ó sá dé ojú títì.

Bushrah ló sọ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó ní kò sí iná. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ku díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ó ku kí òun fi rúlà fàlà sí i nìkan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá le, ó ní ìyá àgbà òun kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!

Mo wọ́ ọ wọlé, mo fa pàṣán yọ, mo nà án. Ìgbà tí mo gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kẹrin ló ké pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀ fún Alhaja Sìdí! Nígbà tí ẹ ò tíì rán aṣọ wọn!"

Igbe rẹ̀ dé òde. Àǹtí Louisa gbọ́. Ìyá gbọ́. Gbogbo agboolé gbọ́. Ọwọ́ tí mo gbé sókè, mi ò mọ ibi tí mo lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ìyá ò jẹ oúnjẹ tí Mujeebat ìyàwó mi gbé fún wọn láàárọ̀. Wọ́n ní òkú kì í jẹun.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn ò ní kí n dìde.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti pa mí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Ìyá."

"Ìgbà wo?"

"Iléyá èṣí. Àti Ìtunu ọdún tó ṣáájú rẹ̀."

"O pa màlúù?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní nígbà tí mo kú, ṣé o pa màlúù, àbí bí adìyẹ àgbébọ̀ lo ṣe gbé mi jù sínú ihò?"

Mujeebat sá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀. Abdulmajeed, ọmọ ọdún mẹ́rin, àbúrò Bushrah, bá a rín in láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fàsásì, òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ìwọ lo gbọ̀n eléyìí. Má na ọmọ ọlọ́mọ mọ́ nítorí rẹ̀."

Jímọ́ọ̀, 28

Wọ́n ti rí oṣù. Ààwẹ̀ di ọ̀la. Aṣọ mọ́kànlélógójì ló wà nílẹ̀ ní ìsọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ti pẹ́ débi pé eku ti fẹ́ fi ṣe ilé.

Mujeebat jókòó tì mí. Ó ní, "Bàbá Bushrah, gbogbo ayé ló máa gba ààwẹ̀ oúnjẹ lọ́la. Ẹ̀yin, ẹ fi ti irọ́ kún tiyín."

Mo ní télọ̀ wo nílùú Ìbàdàn yìí ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún ń bọ̀? Ó ní, "Èyí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun máa sọ òótọ́." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ. 

Mo pe Bushrah. Mo sọ fún un pé mi ò ní parọ́ fún kọ́sítọ́mà kankan títí ọdún á fi dé, kí òun náà má parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní aṣọ ọdún tirẹ̀ á yá kó tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yìí wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ léṣìí, Bàbá." Ó rò ó wò díẹ̀. "Àti ọdún tó ṣáájú èṣí."

Kò bínú o. Ohùn tí kọ́sítọ́mà tó ti mọ̀ mí tipẹ́ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́. Ó dùn mí wọ egungun. Gbogbo ayé lè máa pe télọ̀ ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ tí mo bí gbà mí gbọ́. Ohun tí màá fi oṣù yìí tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ kìn-ín-ní. Oòrùn ń ta bí ata.

Yésúfù mẹkáníìkì wá láti Ọ̀rányàn. "Bọ́ọ̀dá, ẹ ní ó ti yá?"

"Mi ò tíì gé e."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí. Ó ní, "Bọ́ọ̀dá Fàsásì, ẹ lọ ṣínu. Ara yín ò yá."

Ọjọ́ Ajé, 3

Ìyá kan láti Mápó kó aṣọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Mo ní wọn ò lè yá kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ní télọ̀ kan ní Bẹẹrẹ sọ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Mo mọ télọ̀ yẹn. A jọ kọ́ṣẹ́ ni. Irọ́ gbuu ló ń pa. Mo fẹ́ sọ, mo gbé e mì, ọ̀fun mi sì ti gbẹ tẹ́lẹ̀.

Bẹntiróò tún gun òkè. Òwú náà tẹ̀ lé e.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo ṣubú díẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n mo dìde.

Mo gbọ́ ohùn Alhaja Sìdí ní ìta. Ohùn yẹn, bí wọ́n bá kí èèyàn láti Ìdí Arẹrẹ, á gbọ́ ọ ní Ọjà'ba. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ, mi ò rán an níṣẹ́.

"Bàbá rẹ ńkọ́?" Alhaja bi Bushrah.

Mo ń wo ọmọ náà láti ojú ihò kọ́tìnì. Ó wo Alhaja, ó wo kọ́tìnì, ó fọwọ́ họrí. Ó ní, "Ẹ dúró, Alhaja. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n bóyá wọ́n wà."

Alhaja fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra mọ́, mo jáde, gbogbo irun orí mi kún fún òwú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Alhaja, mo wà. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Mi ò tíì fọwọ́ kan léèsì yín. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni màá gbé e wá sílé fún yín. Ìyá mi ò sì kú."

"Mo mọ̀," Alhaja ní. "Mo rí wọn ní Ọjà'ba lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí o sin wọ́n. Mo sì kí wọn pé wọ́n kú àjíǹde."

Ìyá ò sọ eléyìí fún mi rí o! Gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Òjò àkọ́rọ̀. Abdulmajeed bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó ń jó nínú rẹ̀. Mi ò pariwo. Mo bá a jó díẹ̀.

Ọjọ́rú, 12

Bushrah ní ààwẹ̀ kíkún lòun máa gbà lónìí, láti àárọ̀ dé Magaríbà. Inú wa dùn. Nígbà tó ti ilé ìwé dé, mo bá a lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ife lẹ́nu.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń fọ ẹnu ni." Omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ara mi gbóná. Mo ti wọlé mú pàṣán kí n tó ronú. Nígbà tí mo jáde, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó dijú, ó ń dúró dè mí. Kò sunkún. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ẹ̀rù èmi ló ń ba ọmọ yìí tó fi ń parọ́. Bí ẹ̀rù Alhaja Sìdí náà ṣe ń lé èmi sẹ́yìn kọ́tìnì nìyẹn. Ojú tì mí. Mo ju pàṣán sílẹ̀, mo jókòó lórí àpótí Ìyá.

"Òùngbẹ gbẹ ọ́ ni?"

Ó la ojú kan. "Ó gbẹ mí gan-an, Bàbá."

"Èmi náà, nígbà tí mo wà bíi tìẹ, inú búútà ni mo ti ń mu tèmi. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, màá fọ ẹnu, màá tún un fọ, títí ikùn mi á fi máa dún gbọ́lọ́gbọ́lọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi gba imú rẹ̀ jáde. Nígbà tó simi, ó sún mọ́ mi. Ó ní, "Ife méjì ni mo mu, Bàbá. Kì í ṣe ọ̀kan."

Mi ò bi í o! Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Alhamdulillahi.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo gbé pàṣán fún Ìyá. Ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń lé.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Bàbá Adébọ̀wálé wá láti Òkè Bọ́lá lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Aṣọ ọdún Àjíǹde ni tiwọn, kò sí ìkánjú níbẹ̀. Mo ṣàlàyé ààwẹ̀ mi fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì, wọ́n nu ojú.

Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá Bushrah máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ tán nílẹ̀ báyìí. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ. Ọmọkùnrin mi àgbà wà ní òkè òkun. Bó bá pe fóònù, ìyá rẹ̀ ló ń béèrè. Mo nà án kó lè jẹ́ èèyàn, ó sì jẹ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá mi sọ."

Wọ́n gba ife omi tí mo gbé fún wọn, wọ́n tún un gbé sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní mu omi níwájú aláàwẹ̀.

Ọjọ́rú, 19

Mo lọ sí ilé ìwé Bushrah. Láti ọdún tó ti wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Mi ò mọ kíláàsì rẹ̀, ọmọ kan ló mú mi débẹ̀. Mo wá mọ̀ pé Tẹniọlá lorúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ó mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ, àti pé ó máa ń ya àwòrán maṣíìnì sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Maṣíìnì mi ni. Ó ya bébà ìwọ̀n tí mo lẹ̀ mọ́ ọn pàápàá.

Àǹtí Louisa ní lọ́jọ́ Ajé, òun béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, Bushrah dìde, ó ní, "Mi ò ṣe é, Àǹtí. Mo gbàgbé ni." Ó ní òun ya ẹnu, òun ò mọ ìyà tí òun lè fi jẹ ọmọ tó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ní kó jókòó, kó ṣe é báyìí. Ó sì ṣe é.

Mo tún bẹ̀ ẹ́ nípa búrẹ́dì ìjọ́sí. A ti jẹ ẹ́.

Títí di òní, mo ti dá kọ́sítọ́mà mẹ́jọ padà. Mo ń sọ fún wọn pé ọwọ́ mi ò lè ká a. Ó ń dùn mí bí mo bá rí wọn tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n mo ń sùn. Ọdún mélòó ni mi ò ti sùn nínú oṣù ààwẹ̀!

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo wọn Bushrah lónìí. Ọdún mẹ́ta ni ìwọ̀n rẹ̀ ti wà nínú ìwé yìí láìsí aṣọ tó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ fi ti àtijọ́ gé e, Mujeebat gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ wọn ọmọ yín."

Mo fi téèpù sí ejìká rẹ̀, mo rò pé téèpù ló kákò. Ínǹṣì méjì àtààbọ̀ ló fi kún ti tẹ́lẹ̀. Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Márùn-ún! Níbo ni mo wà nígbà tí ọmọ yìí ń ga? Ìdí maṣíìnì ni mo wà, mò ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Omi lé sójú mi díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé abẹ́rẹ́ gún yín?" Mo ní rárá, inú mi ló dùn tó sì bàjẹ́ pọ̀. Ó ní ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ó lè ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Nígbà tó ti ilé ìwé dé, ó na ọwọ́. "Aṣọ mi dà?"

Mo ní, "Ó ku bọ́tìnnì nìkan."

"Bàbá!"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, òótọ́ ni!" Mo gbé e jáde fún un, àwọ̀ òféfèé, ó ní góòlù lọ́rùn. Bọ́tìnnì nìkan ló kù lóòótọ́. Ó yí i sódì, ó ń yẹ ojú rírán rẹ̀ wò bí ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọṣẹ́ wò. Ó jókòó tì mí títí mo fi gán bọ́tìnnì kẹfà. Lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ náà, ó sá káàkiri agboolé, ó ń pariwo pé, "Ó ti yá! Bàbá mi rán an! Ó ti yá!"

Wọ́n rò pé iná ló dé.

Jímọ́ọ̀, 28

Wàhálà.

Iná dé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Aṣọ Alhaja Sìdí ti yá, ó ku lílọ̀. Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, mo lọ ṣe àlùwàlá Alásàrì. Mi ò tíì fọ ẹsẹ̀ tí Bushrah fi dé ẹ̀yìn mi.

"Bàbá, mo fẹ́ bá yín lọ̀ ọ́ kí ẹ lè sinmi. Mo ti jó o."

Ọwọ́ ọ̀tún bùbá, ihò tó tó ojú ife. Abdulmajeed wà nínú ìsọ̀ níbẹ̀, ó ń fi kẹ́kẹ́ òwú ṣeré. Èèyàn á ti rò pé Bushrah yóò sọ pé àbúrò òun ló fà á. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé iná ló pọ̀jù. Ó dúró síbẹ̀.

Ariwo ti dé ẹnu mi. Mo kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá ògiri wí díẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo ní, "O ṣeun tí o wá sọ fún mi." Ojú mi lè má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu mi sọ ọ́.

Mo yí Ọjà'ba ká títí wọ́n fi fẹ́ pe Magaríbà. Kò síbi tí irú léèsì yẹn wà.

Àbámẹ́ta, 29

Mo ní kí n dá lọ. Bushrah wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun náà ń lọ.

Orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti bá Alhaja, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Mo dọ̀bálẹ̀, Bushrah kúnlẹ̀. Mo tú aṣọ náà. Mo ní, "Alhaja, ó ti yá lọ́jọ́ tí mo dá, ṣùgbọ́n aburú kan ṣẹlẹ̀ sí i." Wọ́n gbé ọwọ́ bùbá náà sókè. Ìka wọn gba inú ihò kọjá sí òdìkejì.

"Ta ló dán irú eléyìí wò?"

Ojú wọn kúrò lára mi, ó bọ́ sára ọmọ. Mo rí i tí ejìká rẹ̀ kéékèèké sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìlérí tí mo ṣe, mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Èmi ni, Alhaja. Oorun ààwẹ̀ ló gbé mi lọ nídìí áyọ́ọ̀nù."

Bushrah yíjú sí mi kíá. Ó bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe Bàbá, Alhaja. Èmi ni mo jó o. Wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó nu imú. "Bàbá, ọ̀la lọdún! Ẹ ṣe wá fẹ́ ba ààwẹ̀ irọ́ yín jẹ́ lónìí?"

Alhaja wo ọmọ, wọ́n wò mí, wọ́n gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ikùn wọn kí ó tó dé ẹnu. Wọ́n rín títí àwọn ará ilé fi ń yọjú. Wọ́n ní, "Fàsásì! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá òótọ́ kiri ìsọ̀ rẹ. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ yìí lo kó o sí." Wọ́n ní kó wá, wọ́n fi ìdí ìró wọn nu ojú rẹ̀, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe àdúà fún un títí mo fi ṣe àmín tó sú mi.

Wọ́n wá kọjú sí mi. "Gé ọwọ́ bùbá yìí méjèèjì dé ìgbúnwọ́. Ooru kúkú ń mú. Ibí yìí ni kí o ti ṣe é, níṣojú mi."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ni mo jókòó sí tí mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an. Bushrah ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Alhaja wọ̀ ọ́, wọ́n yí sọ́tùn-ún, wọ́n yí sósì, wọ́n ní ó tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí a jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mi ò bẹ ọmọ tí mo bí rí láyé mi, bàbá mi náà ò sì bẹ̀ mí rí kó tó kú. Mo lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní, "Bushrah, mo parọ́ níwájú rẹ. Ó dùn mí. Dárí jì mí." Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú ẹrù ọdún lórí, àwọn kan ń wò wá.

Ó rò ó wò. Ó ní, "Ṣé torí kí Alhaja má bàa bá mi wí ni?"

"Torí ẹ̀ ni."

"Wọn ò bá mi wí, Bàbá."

"Mo rí i."

Ó ní òun ti dárí jì mí. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún méje ni kì í jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú lójú títì, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, òun ló na ọwọ́, ó di tèmi mú. A pàdé Tẹniọlá àti ìyá rẹ̀ nítòsí Ọjà'ba. Ó fi ọwọ́ kejì jùwọ́ sí wọn, kò jọ̀wọ́ mi títí a fi dé ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà.